Ẹnu-Ọ̀nà Tí A Kì í Gbà ní Ìsàlẹ̀-Aró

Gàníyù kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ irin àkàbà, bàtà ilẹ̀ tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wo iyẹ̀pẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó bẹ́ sódò.

"Àǹtí Awẹ́ró, ṣé kò ní gbé mi mì?"

"Kí ni kò ní gbé ọ mì?"

"Ilẹ̀ yẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Awẹ́ró, ó yáa fún ètè pọ̀. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Orí Àjà Kejì ni wọ́n bí i sí, láàrin irin àti gíláàsì, láti ìgbà tó sì ti mọ ẹsẹ̀ gbé, kò tíì tẹ ohun tó rọ̀ rí àfi ibùsùn rẹ̀. "Bàbá àgbà rẹ ń fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ títí di òní, kò sì gbé e mì. Bọ́ sílẹ̀ jàre, ọkọ mi."

Mùìná ní tirẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Ó ti bu iyẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, ó ń gbóòórùn rẹ̀. "Ó ń rùn bí òjò!" ló fi igbe ta. Díẹ̀ ló kù kó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kí Ràmátù ìyá rẹ̀ tó gbá a lọ́wọ́. Abọ́sẹ̀dé, tó kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ń fi ìka gbẹ́ kòtò.

Ẹlẹ́rìí ti dúró dè wọ́n lábẹ́ igi ọ̀dán. Kò ga ju ewúrẹ́ lọ, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, ṣùgbọ́n abẹ́ ikùn ni etí náà wà, wọ́n dojú kọ ilẹ̀. Fìtílà kékeré kan wà ní gàdàgàdà ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀-Aró. Ẹ kú ẹsẹ̀ rìn," ni Ẹlẹ́rìí wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti àgbàlagbà tó ń ka ìròyìn.

"Ta ló bí i?" Gàníyù béèrè, ó sá sẹ́yìn Awẹ́ró.

"Ìjọba ló bí i."

"Ṣé ó máa ń jẹun?"

"Ọ̀rọ̀ ló ń jẹ," ni Awẹ́ró dáhùn, "kì í sì í jẹ irọ́. Tí o bá sọ nǹkan tó sì rí bẹ́ẹ̀, fìtílà ẹ̀yìn rẹ̀ á tàn bí ewé. Tí ilẹ̀ ò bá gbà, á pọ́n."

Mùìná ti gbójú sókè ní tirẹ̀. Òpó ńláńlá mẹ́rin ló yí àdúgbò náà ká, wọ́n funfun, wọ́n ga ju òrùlé gbogbo lọ, kò sì sí nǹkan kan lórí wọn síbẹ̀. "Àǹtí, kí ni wọ́n fẹ́ gbé lé àwọn yẹn?"

"Àjà Kẹta."

"Sórí ibí? Oòrùn ńkọ́?"

Awẹ́ró kò mọ bí yóò ṣe dá a lóhùn láì dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá béèrè ti ṣe tán láti gbọ́. "Ṣé o rántí Òkè-Tábà tí a kọjá lórí rẹ̀? Wọ́n ti bò wọ́n. Fìtílà ni wọ́n ń tàn tọ̀sán tòru. Àkùkọ wọn ò mọ ìgbà tílẹ̀ ń mọ́ mọ́, ìgbà tó bá wù ú ló ń kọ. Gbogbo ohun tó wà ní Òkè-Tábà ló wà níbòmíràn, ni òfin wí, kò sì sí ìdí tí a ó fi fi ojú sánmà sílẹ̀ fún un. Àwa náà, tí Ẹlẹ́rìí bá bi yín lónìí, tí ẹ ò rí ohun kan sọ tó jẹ́ ibí nìkan ló wà..." Ó fi ọwọ́ bo orí ara rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò kàn sọ fún un?" ni Gàníyù wí.

"Kì í gba ti àgbà. Wọ́n ní àgbà máa ń parọ́ nítorí ilé rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọn ò sì jayò pa."

Ìyẹn ló fà á tí oorun ò fi kun Awẹ́ró. Òun ni àdúgbò yàn láti mú àwọn ọmọ rìn, òun náà sì ni Mọ́gàjí Lámúyè, olórí agbo-ilé wọn, pè sí kọ̀rọ̀ lánàá. "Fi ilẹ̀kùn ilé ńlá hàn wọ́n," ni bàbá wí. "Mú wọn gba Kí-Mi-Kí-N-Kọjá. Mú wọn dé kànga. Níbi kànga, kí o yí padà. Má gba ẹ̀yìn. O mọ̀ pé a kì í gba ẹ̀yìn." Awẹ́ró mọ̀ ọ́n, ó sì kúnlẹ̀, ó ní ó ti yé òun.

Wọ́n kọ́kọ́ yà sílé ńlá. Mọ́gàjí jókòó níwájú ilé lórí àga rẹ̀, fìlà rẹ̀ gẹ̀ síwájú, àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, ó súre fún wọn. Wọ́n fọwọ́ pa àwọn ẹṣin tí wọ́n gbẹ́ sára ilẹ̀kùn. Gàníyù béèrè bóyá lóòótọ́ ni ẹranko bẹ́ẹ̀ wà rí, Mùìná sì fẹ́ mọ ìdí tí ẹṣin ìkẹyìn kò fi ní ìrù. Ẹlẹ́rìí gbọ́ gbogbo rẹ̀, fìtílà rẹ̀ tàn bí ewé, ṣùgbọ́n ó ní òun ti rí irú rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, òun sì tún ti rí i ní Abẹ́òkúta.

Kí-Mi-Kí-N-Kọjá ló dùn mọ́ wọn jù. Ọ̀nà tóóró ni láàrin ilé méjì, ènìyàn kan ló lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí méjì bá sì pàdé, ẹni tó kéré ni yóò fi ẹ̀yìn rìn padà títí yóò fi bọ́ síta. Ṣùgbọ́n kò ní padà àfi tí àgbà náà bá kí i. Awẹ́ró sọ fún wọn pé ọkùnrin méjì tó ń bá ara wọn yan odì pàdé níbẹ̀ nígbà kan, ẹnìkan ò kí ẹnìkan, wọ́n dúró síbẹ̀ títí àwọn ìyàwó wọn fi gbé oúnjẹ wá bá wọn.

"Wọ́n wá ṣe báwo?" Mùìná béèrè.

"Ìtọ̀ gbọ̀n ọ̀kan, ló bá kí èkejì."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnìkan á wọlé láti ibí, ẹnìkan á wọlé láti ọ̀hún, wọ́n á kí ara wọn, "Ẹ kú àárọ̀ sà!" Abọ́sẹ̀dé pàápàá sọ̀rọ̀. Fìtílà tàn bí ewé. Ọkàn Awẹ́ró sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

"Ó dára púpọ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Mo ti bá irú ọ̀nà yìí pàdé níbi tó pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú."

"Alásọtúnsọ ni ìwọ náà o," ni Gàníyù sọ fún un. Ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ó ti ń fọwọ́ gbá a ní ìdí.

Báyìí ni wọ́n dé kànga. Ibi kànga yìí ni Mọ́gàjí gbọ́kàn lé, ó sì ti kọ́ Gàníyù ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dáadáa. Gàníyù gun orí etí kànga, ó gbé ọwọ́ sókè. "Láyé àtijọ́, bàbá ńlá wa Lámúyè, akọgun, ògbóǹtarìgì, ó ti ogun dé, ó gbẹ́ kànga yìí, ó fi omi rẹ̀ pọn aró, òun ló dá aró sílẹ̀ níbí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní Ìsàlẹ̀-Aró!"

Fìtílà Ẹlẹ́rìí pọ́n bí ata.

Gàníyù sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ṣé mo ṣì í kà ni?"

"O kà á dáadáa," ni Ẹlẹ́rìí dáhùn, ó tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ilẹ̀ ni kò gbà. Ẹ̀lú, ewé aró, tó wà nínú ilẹ̀ yìí dàgbà ju kànga lọ. Kì í sì í ṣe ibi kànga ló ti wá. Ó ṣàn wá síbí ni."

"Ó ṣàn wá láti ibo?" ni Mùìná wí.

"N kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Ìwọ ni yóò sọ fún mi."

Ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n ní kó wá nǹkan! Mùìná dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń pariwo, kò gbọ́. Ó ń wo àárín àwọn òkúta gọ́tà. "Ó dúdú níbí. Rárá, kì í ṣe dúdú, ó dà bí... bí aró! Ó wà lára òkúta yìí náà. Àti èyí." Ó ń rá tẹ̀ lé e, Abọ́sẹ̀dé ń rá tẹ̀ lé òun náà, títí wọ́n fi forí sọ ògiri ẹ̀yìn kànga. Ẹnu-ọ̀nà kékeré kan wà lára ògiri náà, kò ga tó àyà ènìyàn, wọ́n fi pákó dí i, ewéko sì ti bo pákó náà.

"Àǹtí, kí ló wà lẹ́yìn ibí?"

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dí i," ni Awẹ́ró wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ṣùgbọ́n kí ló wà níbẹ̀?"

"Ilé ènìyàn ni."

Mùìná na ọrùn, ó rí òrùlé tó wà lókè ògiri, ó sì pàtẹ́wọ́. "Ilé Màmá àgbà mi nìyẹn! Mo mọ òrùlé yẹn! Ojú títì la máa ń gbà wọlé, mi ò mọ̀ pé ó ní ẹ̀yìn. Àǹtí, kí ló dé tí wọ́n dí ẹ̀yìn ilé wa?"

Awẹ́ró wo Ràmátù. Inú abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti jẹun dàgbà. Ràmátù sì ń wo ilẹ̀.

Gbogbo ènìyàn Ìsàlẹ̀-Aró ló mọ̀ ọ́n, ẹnìkan kì í sọ ọ́. Ilé Kékeré ni wọ́n ń pe ilé àwọn Mùìná, àwọn ará Ilé Kékeré kì í sì í jẹ Mọ́gàjí. Tí àlejò bá béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á bu omi fún un mu, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò. Ọmọ ọdún méje ni Awẹ́ró nígbà tó bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n ra ìyá ńlá Ràmátù ni àbí wọ́n mú un lójú ogun. Ìyá rẹ̀ tó kì í lu ènìyàn gbá a lẹ́nu, ẹnu náà wú. "A kì í wádìí ibi tí ènìyàn ti wá," ni ìyá wí. "O fẹ́ dójú ti ọ̀rẹ́ rẹ ni?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń yí padà níbi kànga.

Ó wá dé ibi tó dé lónìí. Bí òun bá dákẹ́, àjà á bò wọ́n. Bí òun bá sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, ohun tí Ẹlẹ́rìí bá gbà wọlé, gbogbo Àjà ló máa gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́la Mùìná á lọ sílé ẹ̀kọ́, ọmọ kan á sì pè é ní ọmọ ẹrú. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀ nítorí oòrùn, irú ènìyàn wo nìyẹn? Inú Awẹ́ró bà jẹ́, ó sì ń bínú, kò mọ ẹni tí òun ń bínú sí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti bi yín, ẹ ò dá mi lóhùn," ni Mùìná wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ṣé ilé wa burú ni?"

Ìyẹn ló gbé Awẹ́ró ní ìdí. Kò lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má kan ilẹ̀kùn onílé. Ó lọ síwájú pákó náà, ó kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, ó sì kàn án.

"Awẹ́ró!" Mọ́gàjí ti dìde lórí àga rẹ̀ lọ́hùn-ún. "Awẹ́ró, kí ni mo sọ fún ọ?"

Ó tún kàn án. "Ẹ kú ilé o, Màmá!"

Ohùn kan wá jáde, ó gbó, ṣùgbọ́n ó mú. "Ta nìyẹn tó ń kan ẹ̀yìn? Ṣé olè ni àbí àlejò?"

"Awẹ́ró ni, Màmá. Àwọn ọmọ ń béèrè ohun tí ẹnu mi ò tó sọ. Mo wá tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín."

"Ó tó ìgbà," ni ohùn náà wí. "Ẹ fa pákó yẹn. Mi ò lágbára rẹ̀."

Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì mọ́ pákó, Awẹ́ró bá wọn fà á, Ràmátù náà wá fọwọ́ sí i. Pákó náà já, gbogbo wọn ṣubú lé ara wọn lórí. Ìyá Sàlámátù, ìyá ìyá Mùìná, dúró sí ẹnu-ọ̀nà náà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, òun ni agbẹ̀bí ìkẹyìn ní Ìsàlẹ̀-Aró kí gbogbo aboyún tó máa gun Àjà lọ bímọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbàlá kékeré kan wà, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì pupa. Aláwọ̀ aró ni látòkè délẹ̀. Ẹnu ìkòkò pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, wọ́n sún mọ́ ara wọn gádígádí, iyẹ̀pẹ̀ kún inú wọn.

Mọ́gàjí ti dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìyá Sàlá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe é. Nítorí yín la ṣe ń dákẹ́ láti ìgbà yí wá. A ò fẹ́ kí ojú tì yín."

"Ojú tì wá?" Ìyá Sàlámátù fi ọ̀pá gúnlẹ̀. "Lámúyè, ta ló lọ jí ọmọ ọlọ́mọ gbé, ta sì ni wọ́n jí gbé? Èwo nínú wọn ló yẹ kí ojú máa tì? Ẹ̀yin ni ojú ń tì, ẹ wá fi pákó dí ẹ̀yìn ilé èmi."

Mọ́gàjí sorí kọ́. Awẹ́ró náà ò gbójú sókè. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti rò pé àánú ọ̀rẹ́ òun ni òun ń ṣe, ó sì dùn ún wọra pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, ó pe àwọn ọmọ wọlé mọ́ra, Awẹ́ró àti Ràmátù tẹ̀ lé wọn. Ó ní Ojúọlápé ni orúkọ ẹni tí wọ́n jí gbé náà, ọmọ aláró ní ìlú kan lọ́nà Èkìtì. Ogun Lámúyè, bàbá ńlá Mọ́gàjí, ló kó o wá síbí, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí pé kó máa sùn. Ó wo ewé tó wà nínú igbó, ó rí ẹ̀lú, ó pọn aró. Aró náà dára débi tí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo àdúgbò, wọ́n wá sọ pé Lámúyè ló pọn ọ́n. Ó tún mọ ìgbẹ̀bí. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nílé ńlá, ọwọ́ aláwọ̀ aró yẹn ni wọ́n bọ́ sí.

"Tí a bá bí ọmọ," ni ìyá àgbà wí, "ìkejì rẹ̀ a tẹ̀ lé e jáde. Ibi ọmọ là ń pè é. Kì í ṣe ohun tí à ń jù nù, inú ìkòkò là ń gbé e sí, a ó sì sin ín sí ilẹ̀ bàbá ọmọ. Ṣùgbọ́n Ojúọlápé ò ní ilẹ̀ bàbá níbí. Ilẹ̀ tí wọ́n fún un yìí ló ní. Ló bá ń sin gbogbo rẹ̀ síbí, ti ọmọ tirẹ̀ àti ti ọmọ olówó rẹ̀, nínú ìkòkò aró. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Awẹ́ró wà níbí. Ti Ràmátù wà níbí. Ti bàbá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yìí wà níbí, èmi ni mo gbẹ̀bí ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ há kó tó jáde."

"Tèmi ńkọ́?" Mùìná béèrè kíá.

Ràmátù ló dáhùn. "Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ló kó tìrẹ. Mi ò mọ ibi tó gbé e lọ." Ojú rẹ̀ kún fún omi.

Gàníyù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ìkòkò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ní ìbéèrè, ó hàn lójú rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó wá bi í: "Màmá, èwo nínú wọn ni ti ẹrú?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ síta. Ọwọ́ Awẹ́ró fò lọ sí ẹnu ọmọ náà, bí ti ìyá rẹ̀ ṣe ṣe sí òun, ó sì dá a dúró lójú ọ̀nà, ó fà á padà.

"Gbẹ́ wọn," ni Ìyá Sàlámátù wí. Inú kò bí i rárá. "Gbẹ́ wọn, ọmọ mi, kí o yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi."

Gàníyù wo àwọn ìkòkò náà títí. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn," ló wí.

Ẹlẹ́rìí ti gba ẹnu-ọ̀nà náà wọlé, ó sì ti tẹ etí méjèèjì mọ́ ilẹ̀ aláwọ̀ aró náà pátápátá. "Àsìkò tó," ni ó wí. "Kí àgbà dákẹ́. Kí ló wà níbí tí kò sí níbòmíràn?"

Gàníyù wo Mùìná. Mùìná wo ìyá rẹ̀. Ó ti gbọ́n tó láti mọ̀ pé ohun tí òun bá sọ yìí á dé ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú òun. Ràmátù nu ojú, ó mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

Ọmọ náà na ọwọ́ ọ̀tún, bí a ṣe ń na án tí a bá ń júwe ilé bàbá ẹni. "Ojúọlápé ló wà níbí. Wọ́n jí i gbé wá. Òun ló kọ́ wọn ní aró, òun ló sì gba gbogbo ọmọ wọn sọ́wọ́. Ìyá ńlá mi ni. Ibi ọmọ àwọn òbí wa wà níbí, ẹnikẹ́ni ò sì lè yà wá sọ́tọ̀ mọ́."

Fìtílà náà kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ló tàn bí ewé tútù, ó mọ́lẹ̀ débi tí àwọ̀ ògiri àgbàlá náà fi yí padà. "Ilẹ̀ gbà," ni Ẹlẹ́rìí wí. "N kò gbọ́ ọ níbòmíràn rí."

Abọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ hó. Gàníyù gbá Ẹlẹ́rìí ní ìdí, ó ń jó yí i ká. Awẹ́ró ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, Ràmátù sì wá fi èjìká ti èjìká rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà èwe wọn.

Mọ́gàjí nìkan ló kù lẹ́yìn ògiri. Ó dúró sí ẹnu-ọ̀nà náà tí kò gbà rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ọwọ́ rẹ̀ wà lára pákó tó já. "Ìyá Sàlá," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Tèmi. Ibo lẹ sin ín sí?"

Ìyá àgbà wo àwọn ìkòkò náà, ó ronú, ó sì mi orí. "Mo ti gbàgbé. Wọlé. Jókòó síbi tó bá wù ọ́."

Mọ́gàjí ṣí fìlà rẹ̀, nítorí ẹnu-ọ̀nà náà kò ga. Ó tẹ̀, ó gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ láàrin àwọn ọmọ.